Èéfín Tábà, Ẹmu àti Ògógóró: Kí Ni Tiwa Nínú Ohun Tí A Ń Gbé Lọ sí Ojúbọ?

  

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa mẹ́ta jókòó sí etí omi ní Òde Máhìn. Àbúrò bàbá mi, àgbàlagbà tí wọn kò fi ìkòkò tábà wọn ṣeré, ń fa èéfín jẹ́jẹ́. Ife ògógóró kékeré wà níwájú èmi. Ọwọ́ ẹbí wa kan tí ó ń pọn ọn ni mo ti gbà á. Ẹnì kẹta wa ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ nífá. Òun ni ó fa sìgá ńlá kan yọ nínú àpò, irú èyí tí wọ́n fi ojúlówó ewé tábà ká láìfi bébà wé e, ó sì bi mí léèrè pé: "Bàbá, mo rí àwọn olórìṣà ilẹ̀ Kúbà nínú fídíò. Wọ́n ń fẹ́ èéfín irú sìgá yìí sí Ẹ̀ṣù lára, wọ́n sì ń fi ẹnu fín ọtí sí ojúbọ. Ṣé àṣà àwọn baba wa nìyẹn? Mo fẹ́ gbé e lọ síwájú Ẹ̀ṣù mi lọ́la, ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè náà wúwo ju bí ó ti rò lọ, nítorí ohun tí àwa fúnra wa ń fi ṣe fàájì níbẹ̀ kò jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdáhùn mi ni mo kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹmu, nítorí òun ni àgbà. Ní irà ilẹ̀ Ìlàjẹ, igi ògùrọ̀ ni ó pọ̀ jù tí a ń dá ẹmu lára rẹ̀. Igi yìí kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ láyé rẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó yọ òdòdó ni adẹ́mu ń gbẹ́ orí rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè máa ro sínú agbè. Bí omi náà bá ti tán, igi náà ti kú nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kì í fi í mu ẹmu ògùrọ̀ láìkọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀: gbogbo ayé igi kan ni ó wà nínú agbè náà.

Nínú àwọn ọtí tí àwọn ìyá wa ń pọn nílé fúnra wọn, ọtí ọkà bàbà ti pẹ́ gan-an. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ jẹ́ àbúrò rẹ̀, nítorí àgbàdo tí a fi ń ṣe é, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá; àwọn ará Potogí ni wọ́n gbé e dé etí òkun wa. A ó rẹ àgbàdo títí yóò fi hu, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ta ni yóò wá sọ lónìí pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe ọtí Yorùbá? Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Ifá kò fi ọ̀rọ̀ ẹmu pamọ́. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn bí Olódùmarè ṣe fi iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé rán Ọbàtálá, tí ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, tí oorun gbé e lọ, tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún Ọbàtálá àti fún àwọn tí ń bọ ọ́. Síbẹ̀, ẹmu kan náà ni Ògún ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò lè fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo òrìṣà. Ohun tí ó jẹ́ ìdùnnú lọ́dọ̀ ọ̀kan lè jẹ́ ọgbẹ́ lọ́dọ̀ èkejì.

Tábà ní tirẹ̀ jẹ́ àlejò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1492, àwọn ènìyàn Christopher Columbus rí i ní erékùṣù Kúbà pé àwọn Taíno, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ń ká ewé gbígbẹ, wọ́n ń tanná ràn án, wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀. Àwọn Taíno fi ewé yìí gbádùn ara wọn, wọ́n fi ṣe ìwòsàn, wọ́n sì fi bọ ohun tí wọ́n ń bọ. Nítorí náà, sìgá ká-ká ti jẹ́ ohun ojúbọ ní Kúbà kí ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá kankan tó tẹ ibẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n gbé tábà kọjá òkun wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí ń wú ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ èyí dáadáa: bí wọ́n bá rí àfọ́kù ìkòkò tábà alámọ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ibi tí àwọn ń wú kò tíì dàgbà ju nǹkan bí ọdún 1600 lọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an, tábà, àlejò ni òun náà.

Ibi tí ó dun ni ọkàn ni mo dé yìí. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn àgbẹ̀ a máa fi ewé tábà tí ó dára jù ránṣẹ́ sí Lisbon. Èyí tí ó ṣẹ́kù, ìyẹn ewé tí wọ́n kà sí aláìníláárí, ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi oje ìrèké pa lára, tí wọ́n sì ń fi awọ màlúù wé, kí wọ́n tó kó o wá sí etí òkun wa. Àwọn ènìyàn níhìn-ín fẹ́ràn adùn oje ìrèké inú rẹ̀ débi pé wọn kò gba òmíràn. Lẹ́yìn tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì gba ilé odi Elmina lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọdún 1637, wọ́n gbà kí ọkọ̀ Bahia máa wá ṣòwò ní èbúté 4 péré, Grand Popo, Ouidah, Jakin àti Apa; tábà nìkan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó wá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san ìdá 1 nínú 10 rẹ̀ ní Elmina. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá tí a sì ń pè ní Fátúmbí, ṣe ìwádìí jíjinlẹ̀ lórí òwò yìí, ó sì fi hàn bí tábà Bahia ṣe so Bùràsíìlì mọ́ etí òkun wa fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Kí ni àwọn ọkọ̀ náà ń kó padà lọ? Ènìyàn ni. Ewé tí ọba Potogí kò fẹ́ ni wọ́n fi ń ra ọmọ ọlọ́mọ. Bí àgbà kan bá jókòó ní ìgbà náà tí ó ń fa ìkòkò rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ti ara èéfín náà sọnù. N kò sọ èyí kí a lè bú àwọn baba wa. Mo sọ ọ́ kí a má baà pe ohun gbogbo tí a bá nílẹ̀ ní ohun mímọ́ láti ìwáṣẹ̀.

Ẹ̀ṣù kò ṣàì mọ̀ sí i. Ẹ lọ wo àwọn ère Ẹ̀ṣù tí àwọn agbẹ́gilére wa gbẹ́. Ẹ ó rí i tí púpọ̀ nínú wọn fi ìkòkò tábà sẹ́nu. Lójú tèmi, èyí bá ìwà Ẹ̀ṣù mu. Òun ni ó ni oríta, òun ni ó ni ọjà. Kò sí àlejò tí yóò wọ ìlú tí kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ọjà tuntun bá dé láti òkè òkun, ta ni ìbá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí kò ṣe òun?

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà ni a ń pè ní Lukumí. Tábà, ọtí, aṣọ àti owó ẹyọ ni wọ́n fi rà wọ́n, wọ́n sì sìnrú níbẹ̀ títí di ọdún 1886 tí ìsìnrú fi kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Kò sí obì nítòsí, nítorí náà wọ́n ń fi àgbọn dá obì. Kò sí ẹmu bí ti ilé, nítorí náà wọ́n mú ọtí ìrèké. Sìgá ká-ká ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì gbé e síwájú Ẹ̀ṣù tí wọ́n ń pè ní Elegguá, síwájú Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí: ẹni tí wọ́n fi tábà rà ni ó sọ tábà di ẹbọ. Ohun tí ó jẹ́ iye owó orí rẹ̀ ni ó gbé lé òrìṣà lọ́wọ́ láti fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi àwọn olórìṣà Kúbà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí sìgá, kò mọ ohun tí ó ń fi ṣeré.

Ní báyìí, kí a padà sí ọ̀dọ̀ wa ní Máhìn. Ní ọdún 1885, nítorí òwò ilé-iṣẹ́ G. L. Gaiser ti Hamburg, Gustav Nachtigal tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Jámánì bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọwọ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èbúté Hamburg yìí wà lára ibi tí ọtí olówó pọ́ọ́kú ti ń rọ́ wọ ilẹ̀ wa jù lọ nígbà náà. Láti inú òwò yẹn ni igo ọtí òyìnbó ti wọ ibi ìkómọ, ibi ìgbéyàwó àti ojúbọ, tí ó fi jẹ́ pé lónìí ẹlòmíràn rò pé ìwúre kò lè gbà láìsí ṣínáàpù.

Ní ọdún 1919, àwọn ìjọba amúnisìn fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain tí ó ka ọtí olówó pọ́ọ́kú àti pípọn ọtí líle ní ilẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀. Nígbà tí ọ̀wọ́n owó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àwọn ènìyàn agbègbè odò bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tiwọn. Wọ́n da ẹmu ògùrọ̀ tí ó ti kan sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n dí ẹnu rẹ̀, wọ́n dáná sí i. Ooru rẹ̀ gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ó sì ń kán sínú igo. Ògógóró dé nìyẹn. Ìjọba pè é ní ọtí àìtọ́, ọlọ́pàá ń lépa àwọn tí ń pọn ọn. Owó ibodè orí ọtí òyìnbó kò jẹ́ kékeré lápò ìjọba, ẹ jẹ́ kí a rántí ìyẹn pẹ̀lú. Nítorí náà, ọtí tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀ yìí kò tíì pé 100 ọdún dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ Ìlàjẹ ni ó sì gbà á mọ́ra. Ní ọdún 1947, ọdún tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun wa, ni Samuel Oshoffa dá ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà sílẹ̀ ní Porto-Novo, ìjọ tí ó ka ọtí àti tábà léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí wa wà níbẹ̀. Ẹni tí ó pa èèwọ̀ mọ́ yẹ fún ọ̀wọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlé, tí kò jìnnà sí wa, ní oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára jù. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọ́n ń dákú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Ó lé ní ènìyàn 10 tí ó bá a lọ. Àwọn kan ní Malókun ni ó ń bínú nítorí pé wọ́n ti ba ojúbọ rẹ̀ jẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó pa wọ́n, májèlé tí ó wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Irú ikú bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní oṣù kẹfà ọdún náà pé àwọn ti fòfin de ògógóró. Mẹ́tánọ́ọ̀lù jọ ọtí. Ojú kò lè dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n. Ó dùn mí pé orúkọ òrìṣà ni a kọ́kọ́ dá nígbà tí ó yẹ kí a ti máa gbé àwọn aláìsàn sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Òrìṣà lè bínú, a gbà. Ṣùgbọ́n kí a má fi iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn di ẹrù ru òrìṣà.

Ìdáhùn mi fún ọmọ wa nìyí. Sìgá tí àwọn ará Kúbà ń fún Ẹ̀ṣù, tiwọn ni, ó sì tọ́ ní ilé tiwọn. Ẹni tí ó bá gba òrìṣà ní ìlà tiwọn, kí ó ṣe é bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ìwọ tí a tẹ̀ nílé, má sọ pé àṣà àwọn baba ńlá rẹ ni nítorí pé o rí i nínú fídíò. Àlejò lè di ọmọ onílé bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti dà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé ni wọ́n ń gbà á wọlé. Gbé obì kalẹ̀, kí o bi Ẹ̀ṣù fúnra rẹ̀ bóyá yóò gbà á. Bí ó bá gbà, fún un. Bí ó bá kọ̀, má fi agbára bọ ọ́. Ọtí tí o bá fẹ́ gbé síwájú òrìṣà tàbí tí o bá fẹ́ mu, ọwọ́ ẹni tí o mọ̀ ni kí o ti gbà á. Ohun tí o kò lè fọkàn tán fún ẹnu ara rẹ, má gbé e fún òrìṣà. Bí o bá sì ń fi tábà ṣe fàájì, rántí pé ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ara rẹ ni orí rẹ fi ń ṣiṣẹ́ láyé.

Nígbà tí mo sọ èyí fún un tán, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n gba ife ọwọ́ mi, tí wọ́n ta ọtí díẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ní: "Fún àwọn tí omi gbé lọ." Ọmọ náà dá sìgá rẹ̀ padà sínú àpò. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ dá obì ná.

Kí Ẹlẹ́dàá jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń ṣe kí a tó ṣe é. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.