Àwọn ibi àbẹ̀wò ní Èkìtì Kwara àti Òkè-Ẹ̀rọ̀

Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì tí ó múlé gbe ara wọn ní apá gúúsù-ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kwara, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àràròmí-Ọ̀pin ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì. Ìlọ́fà ni ti Òkè-Ẹ̀rọ̀. Lára àwọn ìlú tí ó wà ní Èkìtì ni Ọ̀sì, Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, Èrúkù, Kòrò àti àwọn ìlú Ọ̀pin. Odò-Ọ̀wá wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni agbègbè náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà ni igi gbígbẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ère tí ó mú òkìkí náà wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Àlejò tí ó bá fẹ́ rí wọn ní láti lọ sí Èkó, sí Yúróòpù tàbí sí Amẹ́ríkà. Ọdún ìbílẹ̀, ihò àpáta àti ìtàn ìlú ni ó kù tí ó lè bá pàdé ní ilé.

Orúkọ àti ààlà

Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tí a ń sọ yìí kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí a yọ jáde láti ara Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Síbẹ̀, ọmọ ìyá ni àwọn ará ìhà méjèèjì. Èdè wọn jọra, ọdún Ẹpa sì wà lọ́dọ̀ wọn ní ìhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ààlà pín wọn, tí ó fi àwọn ìlú bí Ọ̀sì, Ìlọ́fà àti Ọ̀bọ̀ sí abẹ́ ẹkùn Ìlọrin ní Àríwá Nàìjíríà, nígbà tí àwọn Èkìtì yòókù wà ní ìhà gúúsù. Nígbà tí a dá àwọn ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967, apá ti Ìlọrin yìí bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń pe Ọ̀sì ní Ọ̀sì-Ìlọrin. Ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ nínú àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní láti mọ èyí, nítorí pé lábẹ́ orúkọ Èkìtì ni a kọ àwọn kan sí, lábẹ́ Ìlọrin ni àwọn mìíràn wà.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà

Arẹ́ògún ti Ọ̀sì (ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1954) ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lọ́dọ̀ Bámgbóṣé àti Fágbàmílà ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ó gbẹ́ ère Ẹpa, ọpọ́n Ifá, òpó ilé àti ilẹ̀kùn. Lórí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, babaláwo, jagunjagun àti ìyá ọlọ́mọ wà ní ojú kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ àti òyìnbó tí ó fi ìkòkò tábà sẹ́nu. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ ni ó ń gbẹ́.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìhà Òkè-Ẹ̀rọ̀ ni Bámigbóyè, ẹni tí àwọn ìwé kan ń pè ní Bámgbóyè ti Odò-Ọ̀wá. Ó gbajúmọ̀ fún ère Ẹpa ńláńlá tí ènìyàn kéékèèké pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé ojú kì í tètè tó gbogbo wọn. Ní àwọn ọdún 1930, ó kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé ìjọba ní Òmù-Àrán. Ọ̀kan nínú àwọn ère rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Yale ṣe àfihàn kan tí ó dá lórí iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà, nítorí pé ère wọn sábà máa ń wà ní ilẹ̀ òkèèrè láìsí orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ náà tàn kọjá ààlà nípasẹ̀ Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà láti ẹ̀ka ẹgbẹ́ SMA ti ilẹ̀ Ireland dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fadá Kevin Carroll ni ó mójútó o. Bándélé wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère ìbí Jésù ní ìlànà tí baba rẹ̀ fi ń gbẹ́ ti òrìṣà. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó di olùkọ́ ní yunifásítì tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ibi iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1954. Carroll kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1967, àwọn ìpele iṣẹ́ igi sì wà lára ohun tí a mọ̀ nípa àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí: ọnà lílé, tí a fi ń ṣá igi dé ìrísí rẹ̀, àlétúnlé, tí ojú, apá àti ẹsẹ̀ fi ń hàn, dídán, àti fínfín, tí a fi ń fín irun, ilà ojú àti aṣọ sí i.

Ọdún Ẹpa

Ẹpa, tí a tún ń pè ní Ẹlẹ́fọ̀n ní àwọn ìlú kan, ni ọdún tí ó so agbègbè yìí pọ̀. Ẹyọ igi kan ni a fi ń gbẹ́ ère rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a gbẹ́ ojú sí níwá-lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ẹni tí ó gbé e ń ki orí bọ̀. Lókè rẹ̀ ni jagunjagun orí ẹṣin, ìyá tí ó pọn ọmọ, olóògùn tàbí ẹranko wà. Àwọn kan ga ju mita kan lọ, wọ́n sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́kùnrin alágbára nìkan fi lè gbé wọn jó. Ẹni tí ó gbé e yóò sáré, yóò sì fò gun orí òkìtì kan. Bí ó bá kọsẹ̀ tàbí tí ère bá já, àmì búburú ni fún ìlú.

Igi kì í pẹ́ títí nílẹ̀ wa. Bí ikán kò bá jẹ ẹ́, òjò àti ijó yóò sọ ọ́ di ẹgẹrẹmìtì, ìlú á sì gbé iṣẹ́ tuntun fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Ère tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ lọ́wọ́ ikán, ṣùgbọ́n kò jó mọ́. Èyí tí ó kù nílé ń jó, ó sì ń gbó. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ti di ọmọ ìjọ tàbí mùsùlùmí, iṣẹ́ tí ìlú ń gbé fún gbẹ́nàgbẹ́nà ti dínkù, àwọn tí ó lè gbẹ́ arọ́pò sì ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbà ìlú ni ó ń dá ọjọ́ ọdún, wọn kì í sì í tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà òyìnbó. Nítorí náà, ààfin ni àlejò ti ń béèrè kí ó tó gbéra.

Odò-Ọ̀wá

Ihò àpáta Ìmọ́lẹ̀bọ́jà wà ní Odò-Ọ̀wá. Ibi ìsápamọ́sí ni ó jẹ́ fún àwọn baba ńlá ní ìgbà ogun. Èyí yé ẹni tí ó bá rántí pé agbègbè yìí wà láàárín àwọn ọmọ ogun Ìlọrin àti àwọn Èkìtì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ìlú kan náà ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1904, ẹni tí ó di àpọ́sítélì pàtàkì nínú Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi (CAC). Òun ni ó ń wa ẹ̀rọ katakata tí ń tẹ ojú ọ̀nà nígbà tí ìpè dé bá a ní ọdún 1928. Ó padà sí Odò-Ọ̀wá láti wàásù kí ìsọjí ńlá Òkè-Òoyè ní Iléṣà tó wáyé ní ọdún 1930. Ó kú ní Ẹdẹ ní ọdún 1959.

Àwọn ibi tí ó wà nítòsí

Ẹni tí ó bá ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán lè kọ́kọ́ yà sí Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òró. Níbẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ère tí a fi òkúta rírọ̀, tí ó ń dán bí ọṣẹ, gbẹ́: ọkùnrin àti obìnrin tí ó jókòó lórí àpótí, tí àwọn kan mú ọrun àti idà lọ́wọ́, tí irun orí wọn sì ní ọnà aláràbarà. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n sì yí padà di òkúta. Àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́ kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, tó ròyìn wọn fún ayé ní ọdún 1933. Ní ibi tí a ti bá wọn ni a kọ́ ilé lé wọn lórí, wọn kò kó wọn lọ sí Èkó bí ti àwọn ère Ẹpa. Òkúta, àti ìtọ́jú àwọn ará Èsìẹ́, ni ó fà á.

Omi Òwù wà ní Ọ̀wá-Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Láti orí àpáta tí ó ga ju 100 mita lọ ni omi náà ti ń dà sínú adágún tútù. Ó máa ń kún ní ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ máa ń yọ̀ nígbà náà.

Ọ̀nà àti ààbò

Òmù-Àrán ni ìlú ńlá tí ó rọrùn jù láti fi ṣe ibùdó. Ó ṣeé ṣe láti dé Èsìẹ́, Ọ̀sì àti Odò-Ọ̀wá láti ibẹ̀ kí a sì padà ní ọjọ́ kan náà. Omi Òwù nílò ọjọ́ tirẹ̀. Ààbò ni ìṣòro tí ó burú jù fún àwọn arìnrìn-àjò ní ọdún àìpẹ́ yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn pa Olúkòrò ti Kòrò ní ààfin rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Èrúkù lákòókò ìsìn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jí àwọn olùjọsìn gbé; a dá àwọn tí wọ́n jí gbé sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èrúkù wà ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ìhà ibẹ̀ ní láti béèrè bí ọ̀nà ti rí ní Òmù-Àrán, kí ó sì ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú.