Ikú ní Ìgboro: Àwòrán Àkàwé Àwọn Oníṣẹ́ Bẹ́ljíọ̀m

Àwòrán àkàwé ni èyí tí ayàwòrán fi máa ń fún ohun tí a kò lè fojú rí, bí ikú tàbí ẹ̀ṣẹ̀, ní ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà ní Antwerp kí Bẹ́ljíọ̀m tó gba òmìnira ní ọdún 1830, nítorí pé ibẹ̀ ni Hieronymus Cock ti tẹ àwòrán ẹ̀ṣẹ̀ méje Pieter Bruegel jáde ní ọdún 1558. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi kún un ni pé wọ́n mú Ikú àti Sátánì wọ ìgboro ìgbà ayé tiwọn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa ìlà sára ìda náà, wọ́n á sì rì í sínú ásíìdì kí ó lè jẹ bàbà níbi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá. Yíǹkì tó bá dúró sínú ìlà wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ sára bébà tútù, tí bàbà kan ṣoṣo á sì bí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́.

Félicien Rops, ọmọ Namur, tó dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ásíìdì yàwòrán báyìí sílẹ̀ ní Brussels ní ọdún 1869, ya Sátánì ní ọdún 1882 gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ gìrìwò tó wọ bàtà onígi, tó ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ìlú Paris lóru, tó sì ń fọ́n àwọn obìnrin ká bí ẹni ń gbin èpò. Òwe èpò inú Bíbélì ni ó yí padà, ṣùgbọ́n bí ó ti di gbogbo ẹ̀bi ru obìnrin fi ẹ̀tanú àwọn ọkùnrin ìgbà náà hàn kedere.

James Ensor, tí a bí ní Ostend ní ọdún 1860 sínú ìdílé tó ń ta ìkarahun àti ìbòjú, kò dá ẹnì kan yà sọ́tọ̀. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1896, Ikú gbé dòjé gígùn lé orí òpópónà tóóró, ó ń lé èrò tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́ bí agbo ẹran, kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti yà sí. Ó ti ṣe ìdájọ́ kan náà fún ara rẹ̀ ní ọdún 1888, nígbà tí ó ya ara rẹ̀ bí yóò ti rí ní ọdún 1960, egungun lásán tó nà gbalaja sílẹ̀. Níbi tí ayàwòrán ti ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí Ikú ń lé ni àkàwé ti ní agbára jù lọ, nítorí pé ó ti kúrò ní ẹ̀sùn tí a fi ń kan ẹlòmíràn, ó ti di òtítọ́ tó kan gbogbo ènìyàn.