Ìtàn Ìwòsàn Àìrọ́mọbí, àti Iṣẹ́ Tí Ó Kù fún Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń bò mọ́lẹ̀. Láàrín wa, obìnrin tí kò bímọ ni a ń pè ní àgàn. A kì í sábà bèèrè ọkọ rẹ̀. Òun ni ìyá ọkọ ń bá wí, òun ni a ń mú kiri ilé àwọn oníṣègùn, a sì ń fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e lórí. Ìtàn fi hàn pé ìdájọ́ yìí kò tọ́.

Ní ọdún 1677, Antonie van Leeuwenhoek, ará ilẹ̀ Hólándì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àtọ̀ ọkùnrin, ó sì rí àwọn ohun wẹ́wẹ́ onírù tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ ń pọ̀ sí i, títí ó fi hàn pé bí ìwọ̀nyí kò bá tó níye, tàbí tí wọn kò lágbára, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko pàápàá lè má rọ́mọ bí. Ní ti obìnrin, àrùn tí a kò tọ́jú lè dí ọ̀nà tí ẹyin rẹ̀ ń gbà dé ilé-ọmọ. Nígbà mìíràn ọ̀ràn náà wà lára àwọn méjèèjì.

Irú ọ̀nà dídí bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí Lesley Brown, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọdún mẹ́sàn-án wá ọmọ lásán. Ní àkókò náà, Robert Edwards, Dókítà Patrick Steptoe àti Jean Purdy, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ń ṣe làálàá láti mú ẹyin obìnrin jáde, kí wọ́n da á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin nínú ìgò, kí wọ́n sì dá a padà sínú ilé-ọmọ. Ní ọdún 1971 wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣe ìtọ́jú ìwádìí ìṣègùn. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀. Owó àwọn aláàánú ni wọ́n fi ń bá iṣẹ́ lọ nítòsí Oldham. Léraléra ni ó kùnà. Síbẹ̀ wọn kò dẹ́kun. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978 ni Lesley bí Louise. Edwards gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2010, nígbà tí Purdy àti Steptoe ti kú.

Ìmọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru dáwọ́ lé e, a sì bí ọmọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1989. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń fi san án ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń yọrí sí ọmọ. Ní ọdún 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnì kan nínú ènìyàn 6 ni ó ń bá ìṣòro yìí pàdé láyé rẹ̀. Kò sí ìjọ tí ó lè wí pé kò kan òun.

Nítorí náà, bí tọkọtaya bá wá ọmọ fún ọdún kan láìrí, kí àwọn méjèèjì jọ lọ fún àyẹ̀wò. Kí ẹgbẹ́ wa máa dá owó jọ fún wọn, kí a sì máa bẹ ìjọba kí ó fi ìwòsàn yìí sínú ètò ìbánigbófò ìlera. Ẹ rántí Hanna: orogún fi í ṣẹ̀sín, àlùfáà sì rò pé ó mutí yó. Kí a má ṣe jẹ́ Peninna tàbí Eli fún arábìnrin wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.