Kí òyìnbó tó gbé pákó dé etíkun Accra, àwọn ọmọ Ga ti ń gun ìgbì òkun

Tí ẹ bá gba Cow Lane, ní àárín gbùngbùn Accra, tí ẹ kọrí sí ìhà gúúsù, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi débi tí òkun wà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló mọ àdúgbò yìí. Níbẹ̀ àti ní Zongo Lane ni àwọn Hausa àti Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ti ń gbé, tí wọ́n sì ń ṣòwò láyé àtijọ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Àmọ́ ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí, orí omi ló ti ṣẹlẹ̀.

Lóde òní, àwọn èèyàn ń wá gun ìgbì ní Kokrobite, nítòsí Accra, àti ní Busua ní ìwọ̀ oòrùn Ghana. Àwọn kan á dùbúlẹ̀ sórí pákó, wọn á máa fi ọwọ́ wa omi títí ìgbì yóò fi gbé wọn. Káàkiri àgbáyé, àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé òró ni wọ́n ń dúró lórí pákó, tí wọ́n á di àjẹ̀ gígùn mú. Tí ẹ bá béèrè ibi tí eré yìí ti wá, Hawaii ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ.

Òótọ́ ni pé Hawaii ní ìtàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n etíkun Ghana náà ní tirẹ̀.

Kí ni àwọn àlejò àtijọ́ rí?

Ní àwọn ọdún 1640, oníṣòwò ọmọ Jámánì kan, Michael Hemmersam, wà ní Gold Coast. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí máa ń so ọmọ wọn mọ́ pákó, tí wọ́n á sì gbé e sínú omi kí ó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ní àwọn ọdún 1830, James Alexander, ọ̀gá ọmọ ogun ilẹ̀ Britain, dé Accra. Ó rí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n fi pákó fúyẹ́fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ wọ inú òkun, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí ìgbì sì gbé wọn padà wá sí èbúté. Ọdún 1837 ni ìwé rẹ̀ jáde.

Onímọ̀ ìtàn Kevin Dawson kó irú àwọn àkọsílẹ̀ báyìí jọ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2018, láti fi hàn pé àwọn èèyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń gun ìgbì fúnra wọn tipẹ́tipẹ́.

Iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré nìkan

Accra kò ní èbúté tó jinlẹ̀. Ọkọ̀ ńlá á dúró sí ọ̀ọ́kán, àwọn apẹja àti atukọ̀ Ga ló sì ń fi ọkọ̀ kéékèèké la ìgbì kọjá láti lọ kó ẹrù àti èrò. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, ẹnì kan á sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀ láti darí rẹ̀. Òun ló máa ń ka ìgbì, tó sì máa ń pàṣẹ ìgbà tí wọ́n máa sáré. Tó bá ṣe àṣìṣe, ọkọ̀ lè dojú dé.

Ìmọ̀ yìí níye lórí débi pé àwọn oníṣòwò òyìnbó máa ń gba atukọ̀ láti Gold Coast lọ sí Ouidah, ní Benin òde òní, nítorí pé orí ọ̀sà ni àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ jù. Àwọn kan nínú àwọn atukọ̀ náà kò padà sílé mọ́. Aného, ní Togo, wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí.

Ọmọ tó ti ń bá ìgbì ṣeré láti kékeré ló ń di atukọ̀ lọ́la. Orí pákó ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà

Ẹni tó bá fẹ́ gun ìgbì gbọ́dọ̀ mọ afẹ́fẹ́. Lálẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù ju òkun lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ àárọ̀ kùtù sábà máa ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sórí omi. Ìgbì á dúró dáadáa, ojú omi á sì tẹ́jú. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á yí padà, á máa fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá sí ilẹ̀, ojú omi á sì dàrú. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn lè pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

Ẹni tó dúró lórí pákó ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí pé ara rẹ̀ dà bí ìgbòkun. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ dára fún ìgbì, ṣùgbọ́n ó lè gbé èèyàn lọ sí àárín agbami. Nígbà náà, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kó kúnlẹ̀ tàbí kó dùbúlẹ̀, kó sì wa ara rẹ̀ padà sí èbúté kó tó rẹ̀ ẹ́.

Báwo ni ìtàn náà ṣe fẹ́ sọnù?

Takoradi ní èbúté ńlá lọ́dún 1928. Nígbà tí ti Tema ṣí lọ́dún 1962, iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ tó ń la ìgbì ní Accra parí. Lọ́dún 1966, fíìmù Amẹ́ríkà kan, The Endless Summer, gbé àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń gun ìgbì ní Ghana jáde bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbọ́ nìyẹn.

Ó ṣe pàtàkì kí a tún un sọ. Gígun ìgbì di ara ìdíje Olympics ní Tokyo lọ́dún 2021, àwọn ọmọ Tarkwa Bay ní Èkó náà sì ń gun ìgbì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé eré òyìnbó ni wọ́n ń ṣe. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rúndún méjì tí àlejò kan ti dúró létíkun Accra, tó sì rí irú wọn.