Okùn Bàtà Pínkì: Bí Básíkẹ́ẹ̀tì Àwọn Obìnrin Ṣe Dá Aṣọ Ẹbí Fún Ìjà Jẹjẹrẹ

1/
Tó bá ti di oṣù October, ẹ wọ Ṣómólú kí ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa. T-shirt pínkì lọ́tùn-ún, fìlà pínkì lósì. Báńkì ń tẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀, ilé-ìwé ń tẹ̀, torí ìrìn ìlanilọ́yẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìtàn kan wà nípa bí àwọ̀ pínkì ṣe wọ orí pápá básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin, tó sì di owó gidi. Ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ ọ rí. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀. 🧵

2/
Ọmọ Bàrígà ni mí. Mo gbá básíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀ ní yunifásítì. Ọwọ́ mi ò gún tó bẹ́ẹ̀, ẹ má bèèrè. Ṣùgbọ́n mo mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dún lórí kọnkéré, mo sì mọ bí àwọn obìnrin tó jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe ń di ọmọ ìyá. Ìdí nìyẹn tí ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Kay Yow fi wọ̀ mí lára.

3/
Ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ní 1942. Tíṣà ni. Nígbà tó wá iṣẹ́ ní 1964 láti kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní English, ọ̀gá ilé-ìwé ní òun á gbà á, bó bá lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní básíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Kò ṣe kóòṣì rí láyé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe corper mọ eré yìí dáadáa: wọ́n á ní kí o wá kọ́ wọn ní Government, wọ́n á tún fi Agric àti PE lé e fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ 😂

4/
Ó gbà. Bó ṣe di kóòṣì nìyẹn o. Ní 1975, yunifásítì NC State gbà á síṣẹ́. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, eré ìdárayá obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni. 1972 ni wọ́n ṣe òfin Title IX, tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọmọbìnrin sẹ́yìn torí pé ó jẹ́ obìnrin. Inú ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yẹn ni Kay Yow gbà wọlé. Nígbà tó fi máa ṣíwọ́ iṣẹ́, ó ti borí nínú eré tó lé ní 700.

5/
Ní 1987, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní 1988, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, òun ni kóòṣì tó kó àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lọ sí Òlíḿpíìkì ní Seoul, wọ́n sì gba wúrà bọ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, à bá ní a dúpẹ́, ká máa lọ.

6/
Ní 2004, àìsàn náà padà wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti wọ inú ilé lọ, á ti ilẹ̀kùn. Ìyá yìí ò tì í. Ó ń gba ìtọ́jú, ó ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ní sáà 2006 sí 2007, ara rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó fi eré 16 sílẹ̀ láti lọ gba ìtọ́jú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè wo jẹjẹrẹ sàn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n yọ okùn funfun lára bàtà wọn, wọ́n fi pínkì sí i.

7/
Okùn bàtà o! Nǹkan tí owó rẹ̀ ò tó owó ìrẹsì. Nígbà tí Kay Yow padà dé ní January 2007, inú ẹgbẹ́ náà yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn tó jù wọ́n lọ. Ní February 16, 2007, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n lu North Carolina, ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kejì ní gbogbo Amẹ́ríkà.

8/
Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ni a ń pè é tí èèyàn púpọ̀ bá wọ àwọ̀ kan náà nítorí ẹnì kan? Aṣọ ẹbí. Aṣọ ẹbí sì níṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, ó ń sọ fún ayé pé ẹni yìí ní èèyàn. Ìkejì, ó ń kó owó jọ. Ẹni tó bá ti ra léèsì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó, tó wá rí i lọ́jà ní ìdajì owó, mọ ibi tí mò ń bá ọ̀rọ̀ lọ 😭 Èrè orí aṣọ ló ń gbé ìnáwó. Aṣọ ẹbí tí kò gbé nǹkan kan fún olóde, àwọ̀ lásán ni.

9/
Àwọn kóòṣì obìnrin Amẹ́ríkà mọ iṣẹ́ kejì yẹn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, WBCA. Ní 2007, ẹgbẹ́ náà sọ okùn pínkì NC State di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n pè é ní Think Pink. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á yan eré kan, wọn á wọ pínkì, wọn á sì gba owó. Ẹ lè bèèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ February, nígbà tó jẹ́ pé October ni oṣù jẹjẹrẹ ọyàn láti 1985? Sáà básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì kì í bẹ̀rẹ̀ títí di November. Ní February ni ìdíje gbóná jù, tí gbọ̀ngàn ń kún. Ibi tí èrò bá wà ni wọ́n gbé igbá owó lọ.

10/
Ní December 2007, wọ́n dá Kay Yow Cancer Fund sílẹ̀. Àjọ V Foundation bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹ wá wo bí ayé ṣe kéré tó: Jim Valvano, tó dá V Foundation sílẹ̀ ní 1993, kóòṣì àwọn ọkùnrin ní NC State kan náà ni tẹ́lẹ̀ rí. Jẹjẹrẹ ló pa òun náà lọ́dún yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan, kóòṣì méjì, àrùn kan.

11/
Báwo lowó ṣe ń wọlé? Kò sí idán níbẹ̀. Àwọn kan ń ta jẹ́sì pínkì ní gbàǹjo lẹ́yìn eré. Àwọn kan ń ṣèlérí iye kan fún gbogbo bọ́ọ̀lù onípọ́ìǹtì mẹ́ta tó bá wọlé. Àwọn kan ń gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà. Ní ìsinmi àárín eré, wọ́n á pe àwọn obìnrin tó ti bá jẹjẹrẹ jà jáde sí àárín pápá, gbọ̀ngàn á dìde fún wọn. Owó náà ń lọ sí ìwádìí nípa àwọn jẹjẹrẹ tó ń bá obìnrin jà, àti ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí apá wọn ò ká ìtọ́jú.

12/
Kay Yow kú ní January 24, 2009, lẹ́ni ọdún 66. Níbí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: olórí á kú, ẹgbẹ́ á tú, àkáǹtì á sọnù. Tiwọn ò tú. Wọ́n kàn yí orúkọ eré February yẹn padà sí Play4Kay ni. Stephanie Glance, tó ti ṣe igbákejì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wá di ẹni tó ń darí àjọ náà nígbà tó yá. Ìyẹn ni pé aṣọ ẹbí yìí ju olóde lọ.

13/
Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ná. Elizabeth Balogun, ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Georgia Tech, Louisville àti Duke, líìgì kan náà pẹ̀lú NC State, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe eré pínkì yìí. Òun náà ló tún gbá bọ́ọ̀lù fún D'Tigress. Ìtàn yìí kì í ṣe ti àjèjì pátápátá. Ọmọ wa wà nínú rẹ̀.

14/
D'Tigress ńkọ́? Ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà méje. Márùn-ún nínú rẹ̀ tẹ̀léra: 2017, 2019, 2021, 2023, 2025. Ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, wọ́n na Ọsirélíà àti Kánádà, wọ́n di ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé kọ́tà fáínà. Nítòsí ilé wa níbí, Rowe Park wà ní Yábàá, ọ̀pọ̀ ọmọ Bàrígà, Ṣómólú àti Àkókà ló ti lámì bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Èrò kì í ṣe ìṣòro wa.

15/
Ìṣòro wa nìyí. Lọ́dún 2022, ìṣirò àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO ní èèyàn tó lé ní 127,000 ni jẹjẹrẹ tuntun bá ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 79,000 tó kú. Jẹjẹrẹ ọyàn nìkan lé ní 32,000. Ibi ìtọ́jú wà: NSIA-LUTH ṣí ní Ìdí-Àràbà ní 2019, kò jìnnà sí wa rárá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, bẹ̀rẹ̀ ní October 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Èkó sì wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló jẹ́ pé ìgbà tí àrùn ti rìn jìnnà ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ dókítà.

16/
Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ó rí kókó nínú ọyàn rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi dákẹ́. Ó ń bá wa sáré, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fẹnu sọ ọ́, dókítà ti ní kó wá kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Owó ni kò sí, ojú sì ń tì í láti tọrọ. A dáwó lórí WhatsApp. Ẹni tó ní 500 mú 500 wá, ẹni tó ní 5,000 mú 5,000 wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ti pé.

17/
Èsì jáde: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kókó ọyàn ṣe rí, kì í ṣe jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò nìkan ló sì lè sọ ọ́. A jó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ká ní jẹjẹrẹ ni ńkọ́? Owó tó dá a dúró fún oṣù mẹ́rin, alẹ́ kan ṣoṣo la fi kó o jọ.

18/
Ohun tí mo rí kọ́ lára Kay Yow nìyẹn. Kì í ṣe pé ó lágbára ju àwa lọ. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí àìsàn òun ni. Èèyàn ò lè dá aṣọ ẹbí fún ohun tí a bò mọ́lẹ̀. Àwa tí a ń pe jẹjẹrẹ ní "àìsàn burúkú yẹn", tí a ń rẹ ohùn sílẹ̀ ká tó dárúkọ rẹ̀, àwa náà là ń dá alárùn dá ẹrù rẹ̀.

19/
Kò gba gbọ̀ngàn ńlá. Ẹ yan Saturday kan ní February. Ẹgbẹ́ obìnrin méjì, pápá kan, okùn bàtà pínkì. Gbogbo bọ́ọ̀lù onípọ́ìǹtì mẹ́ta, ẹnì kan á san nǹkan lé e. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kan wá tó máa fi hàn wá bí a ṣe ń yẹ ọyàn wò. Kí owó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá: tààrà sí owó àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ni kó lọ, kí ẹ sì ka ìṣirò rẹ̀ síta bí a ṣe ń ka àjọ. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe àjọ kí wọ́n tó bí wa. A mọ̀ ọ́n ṣe.

20/
Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, pápá wo ló sún mọ́ yín? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Tèmi wà ní Bàrígà, àwọ̀n rẹ̀ ti já, òrùka rẹ̀ ṣì dúró. Ẹni tó bá sì ti ń fọwọ́ kan kókó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, jọ̀ọ́, sọ fún ẹnì kan lónìí, kí o sì lọ ṣe àyẹ̀wò.