Àlòkù àti Tòkunbọ̀: Ìtàn Kíbọ́ọ̀dù àti Owó tí Ó Tọ́ sí I

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí: àlòkù àti tòkunbọ̀. Nǹkan tí ẹlòmíràn ti lò rí ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò wọ́n lọ́jà kò dọ́gba. Bí atẹdùùrù kan ní Lánlátẹ̀ bá gbé kíbọ́ọ̀dù tí ó ti lò fún ọdún márùn-ún jáde fún títà, àlòkù ni ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò pè é, owó pọ́ọ́kú ni yóò sì dá lé e. Bí irú kíbọ́ọ̀dù kan náà bá ti Lọ́ńdọ̀nù wọlé, tí a kò mọ ẹni tí ó lò ó, tí a kò sì mọ iye ọdún tí ó fi lò ó, tòkunbọ̀ ni yóò máa jẹ́, owó rẹ̀ yóò sì gbówó lérí. Kí ló fà á? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

Kí kíbọ́ọ̀dù tó dé

Dùùrù ni ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ ṣì ń pe gbogbo ohun èlò orin tí a ń fi ìka tẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, ohun èlò olókùn ni dùùrù. Ìka ni a fi ń ta okùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gáànù wọ ilé ìjọsìn, orúkọ náà ṣí lọ sí orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe sì yí padà: a kò ta dùùrù mọ́, a ń tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni a ti rí atẹdùùrù.

Èkó ni dùùrù ńlá ti rílé jókòó sí. T. K. E. Phillips ni ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina láti 1914 títí di 1962. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, fi dùùrù gba orúkọ títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n dùùrù tí ó ní páìpù gígùn kì í ṣe ẹrù ìlú kékeré. Owó rẹ̀ pọ̀, ilé tí yóò gbà á ṣọ̀wọ́n, ẹni tí yóò tún un ṣe kò sì sí nítòsí. Ìjọ tí ó bá rí dùùrù kékeré, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí, ti ṣe orí ire.

Nínú ìwé kan tí Phillips kọ ní 1953 lórí orin Yorùbá, ó fa ọ̀rọ̀ kan yọ tí ó kan owó kíbọ́ọ̀dù ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè níbi tí ó yẹ kí ó lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ lè dàrú. Gángan ń sọ̀rọ̀ nítorí pé onílù lè fún osán rẹ̀, kí ohùn yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Dùùrù kò lè yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan dúró gbọn-in sí àyè tirẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Dùùrù tí iná ń fún lóhùn

Ní 1964, Robert Moog, ará Amẹ́ríkà, gbé synthesizer rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ tí ó ń fi iná mànàmáná dá ohùn. Ní 1970, Minimoog, tí ènìyàn kan lè gbé, tẹ̀ lé e. Ní 1983, iléeṣẹ́ Yamaha ní Japan mú DX7 wá: bọ́tìnnì 61, kẹ̀kẹ́ kékeré méjì lápá òsì, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ dọ́là 1,995. Ó tà ju 150,000 lọ. Korg M1 dé ní 1988.

Nílẹ̀ wa, I. K. Dáíró ti fi àkọ́díọ̀nù, tí òun náà ní bọ́tìnnì títẹ̀, sínú jùjú ṣáájú èyí. Fẹlá Kútì ń tẹ dùùrù oníná. Ní Enugu, William Onyeabor fi synthesizer ṣe àwo orin láti ìparí àwọn ọdún 1970 sí 1985. A gbọ́ synthesizer nínú àwo King Sunny Adé tí ó jáde ní 1982 àti 1983, nígbà tí Shina Peters sì gbé *Ace* jáde ní 1989, kíbọ́ọ̀dù kò ṣàjèjì mọ́ nínú jùjú.

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ibi tí ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ti jẹ́ orísun owó, kíbọ́ọ̀dù Casio àti Yamaha kékeré, tí wọ́n ní gbohùngbohùn nínú tí wọ́n sì ń lo bátìrì, ni ó bá àyè mu. Bí iná bá lọ, ìsìn kò ní dúró. Lánlátẹ̀ sì ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú òkè òkun. Ibẹ̀ ni a kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971. Nígbà náà, ìpè tẹlifóònù láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń gba ojú ọ̀run balẹ̀ sí Lánlátẹ̀ kí ó tó dé Èkó. Ẹrù kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Èbúté Àpápá ni yóò gbà, yóò san owó ẹnubodè, yóò gba ọwọ́ oníṣòwò méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó rí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kí ó tó wá dé Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Owó ń gorí owó ní ibùdókọ̀ọ̀kan.

Ọdún tí náírà ṣubú

Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan ní ìṣirò ìjọba. Bí a bá ṣírò dọ́là 1,995 ti DX7 bẹ́ẹ̀, kò tó 1,800 náírà. Lóòótọ́, dọ́là náà kò rọrùn láti rí, nítorí ìwé àṣẹ ìkẹ́rùwọlé kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè kejì, lábẹ́ ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Láti ìgbà náà ni náírà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 1990, dọ́là kan tó nǹkan bí náírà mẹ́jọ. Iye dọ́là kan náà di bí 16,000 náírà. Ní 1999, ó ti kọjá 180,000. Ní 2024, tí dọ́là kan ń lọ sí 1,500 náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Mi ò tíì ka owó ọkọ̀ tàbí owó ẹnubodè.

Àsìkò SAP yìí ni tòkunbọ̀ kúrò ní orúkọ ènìyàn nìkan. Ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wálé ni Tòkunbọ̀, ẹni tí ó ti òkun bọ̀. Ó wà nínú Adétòkunbọ̀ àti Ọmọ́tòkunbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ti lò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, àwọn ènìyàn sì fún un ní orúkọ ọmọ náà. Láti orí ọkọ̀ ni ó ti dé orí fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti kíbọ́ọ̀dù. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú orúkọ yìí. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti lo nǹkan náà. Ìrìn àjò rẹ̀ nìkan ni ó ń ròyìn, bí ẹni pé ọmọ ọlá ni ó padà wálé.

Àlòkù ní tirẹ̀ kò fi nǹkan pamọ́: à-lò-kù, ohun tí a lò tí ó ṣẹ́ kù. Etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ *lò*, wọn kì í gbọ́ *kù*. Èmi ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń bi oníbàárà àti oníṣòwò léèrè pé: kí ni ó kù? Ìbéèrè yẹn ni òṣùwọ̀n tí mo mọ̀ fún owó tí ó tọ́, ó sì yẹ kí á bi àlòkù àti tòkunbọ̀ bákan náà.

Kí ni ó kù?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara iná. Kíbọ́ọ̀dù tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ń jẹ iná volt 120, ti Japan ń jẹ 100. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tí ó bá kì í bọ iná ilé wa láìlo tiransifọ́mà lè pa á lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí sí ara ṣájà rẹ̀ kí owó tó kúrò lápò. Èyí tí ó nílò tiransifọ́mà, kí a yọ owó tiransifọ́mà kúrò nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí a tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pátá, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí a tún wá fi agbára tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà kékeré ni ó wà lábẹ́ wọn. Bí ó bá ti jẹ tàbí tí eruku ti bò ó, ohùn kan yóò yadi, òmíràn yóò sì máa pariwo lójijì. Àárín ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ń gbé jù.

Kẹ̀kẹ́ apá òsì ni ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ Phillips sì tún dé. Kẹ̀kẹ́ yìí ni ó ń jẹ́ kí ohùn yọ̀ lọ sókè àti sílẹ̀. Òun ni osán gángan fún kíbọ́ọ̀dù. Atẹdùùrù wa tí ó fẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ bí ìlù, òun ni yóò fi ọwọ́ òsì dì mú. Kí a yí i, kí a fi í sílẹ̀, kí a wò ó bóyá ohùn padà síbi tí ó ti kúrò gẹ́lẹ́. Bí kò bá padà, gbogbo orin yóò máa ya.

Kí a tún wo bọ́tìnnì transpose, tí ó ń gbé gbogbo ohùn sókè tàbí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìjọ wa, ẹni tí ó fẹ́ dá orin kì í béèrè ibi tí ohùn wà. Ẹ̀mí bá gbé e, ó ti dá a, atẹdùùrù ni yóò wá a kàn. Kíbọ́ọ̀dù tí transpose rẹ̀ ti kú ti sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nù fún ọ̀pọ̀ atẹdùùrù.

Fún àwọn àgbà bí DX7 àti M1, bátìrì kékeré kan wà nínú wọn tí ó ń tọ́jú àwọn ohùn tí a fi pamọ́. Bí ó bá ti kú, a óò tan ẹ̀rọ, a kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. A lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó hàn nínú ìdúnàádúrà. Paríparí rẹ̀, ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹrù olè kò ní owó tí ó tọ́.

Òṣùwọ̀n owó

Ẹ jẹ́ kí á fi ìjọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù dọ́là 500 ní 2012, nígbà tí dọ́là kan ń lọ sí 157 náírà, iye tí wọ́n san yóò jẹ́ 78,500. Ní 2024 wọ́n fẹ́ ra tuntun. Ẹnìkan wá, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ọdún méjìlá ni ẹ ti fi lò ó. Ẹ gba 40,000. Ìdajì owó yín ti padà.” Ó dún létí bí òdodo. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù dọ́là 500 lọ́dún náà yóò gbà wọ́n ní nǹkan bí 750,000. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìdá mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀ péré ni ó kù, 250,000 ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fún wọn ní 40,000 ti gbé 210,000 owó ìjọ lọ, wọ́n sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó tí a fi ra nǹkan lánàá kò lè wọn iye rẹ̀ lónìí nílẹ̀ tí náírà ti rìn báyìí. Ohun méjì ni òṣùwọ̀n: iye tí yóò gbà láti rí irú rẹ̀ lónìí, àti ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó kù nínú rẹ̀. Ó dáàbò bo olùrà náà. Tòkunbọ̀ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ, kò yẹ kí orúkọ òkun gbé owó rẹ̀ ga ju ti aládùúgbò tí a mọ bí ó ṣe ń fi aṣọ bo tirẹ̀ lálaalẹ́.

Àwọn oníṣòwò kan a máa gba ògbólógbòó, kí a wá fi owó lé e fún tuntun. Pàṣípààrọ̀ ni èyí, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí owó tó dé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí á kọ́kọ́ dúnàádúrà tuntun parí, kí á tó mẹ́nu ba ti àtijọ́. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, oníṣòwò lè fi ọwọ́ kan gbé owó àlòkù ga, kí ó fi ọwọ́ kejì bù ú sórí tuntun.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó mọyì wúrà là ń tà á fún. Minimoog àtijọ́, tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1981, àwọn olùwákiri ń rà á lónìí ju iye tí wọ́n tà á ní tuntun lọ, nítorí wọ́n mọ ohun tí ó kù nínú rẹ̀. Bí ìjọ yín tàbí ẹgbẹ́ orin yín bá ní kíbọ́ọ̀dù kan nínú yàrá ẹrù, ẹ nù ún, ẹ tàn án, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá owó lé e fún yín.