Ìdánwò SAT àti Àkàyé Gẹ̀ẹ́sì: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ Wá

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa tó fẹ́ wọ yunifásítì níhìn-ín ní Amẹ́ríkà ń ṣe ìdánwò SAT, lọ́dọọdún náà sì ni ìjà kan náà ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Máàkì ìṣirò ọmọ á ga, ti apá Gẹ̀ẹ́sì á wálẹ̀. Bàbá á ní ọmọ kò kàwé, ìyá á ní tẹlifíṣọ̀n ló bà á jẹ́, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì gbà lọ́kàn pé orí òun kò pé. Ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ dé ní ọmọ ọdún 15 ló tún burú jù. A ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé wọ́n wo máàkì irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kó gbàgbé yunifásítì. Kí a tó dá ọmọ lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ìtàn ìdánwò yìí, nítorí pé ẹni tó dá a sílẹ̀ pàápàá ti ṣi irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ dá rí, ó sì padà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Inú ogun ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tí Robert Yerkes ṣáájú wọn, ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n àbínibí ni àwọn ń wọ̀n. Àmọ́ ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n béèrè. Kí ni Crisco: ṣé oògùn ni, àbí ọṣẹ ìfọyín, àbí oúnjẹ? Iṣẹ́ wo ló sọ Christy Mathewson di olókìkí? Ọ̀rá ìdáná ni èkíní, agbábọ́ọ̀lù baseball ni èkejì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ítálì, níbo ni yóò ti mọ̀ wọ́n? Àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Carl Brigham, olùkọ́ ní Yunifásítì Princeton, gbé èsì ìdánwò yìí, ó fi kọ ìwé ní 1923. Ohun kan hàn gbangba nínú èsì náà: bí àlejò bá ṣe pẹ́ tó ní Amẹ́ríkà ni máàkì rẹ̀ ṣe ń ga tó, títí tí ẹni tó ti lo 20 ọdún fi ń gba iye tí ọmọ onílẹ̀ ń gbà. Ẹ̀yin náà ti mọ ìdí rẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ wọ́n létí, ìlú ti mọ́ wọn lára. Brigham kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní ìran àwọn tó ń wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni kò gbọ́n tó ti àwọn tó ti kọ́kọ́ dé, ó sì to àwọn ènìyàn dúdú sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Irú èrò yìí ló gbòde kan nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin 1924 tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ àlejò.

Ọkùnrin yìí kan náà ni College Board gbé iṣẹ́ ìdánwò tuntun fún. Ní June 23, 1926, ọmọ bíi 8,040 jókòó ṣe SAT àkọ́kọ́: ìbéèrè 315 láàárín ìṣẹ́jú 97. Ó ní apá mẹ́sàn-án, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìwé kíkà: wọn á fún ọmọ ní ìpínrọ̀ kékeré, á wá ọ̀rọ̀ kan tó ba ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́. Eré sísá ni, kì í ṣe àròjinlẹ̀.

Ní 1930 Brigham gbé àpilẹ̀kọ jáde. Ó ní kò tọ́ láti fi ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì díwọ̀n ọgbọ́n ẹni tí wọ́n fi èdè mìíràn tọ́ dàgbà nílé, àti pé ìwé tí òun fúnra òun kọ kò ní ìpìlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀mọ̀wé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta, a sì gbọ́dọ̀ fún un ní iyì ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ìwé ti lọ, ìdánwò sì ti gbilẹ̀. Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í fi yan àwọn ọmọ tó ń gba ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ní 1934, nígbà tó sì di 1947 wọ́n dá ETS sílẹ̀ láti máa bójú tó o.

Ní 1946 ni wọ́n yọ ìpínrọ̀ kékeré náà, tí wọ́n fi àkàyé tòótọ́ rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ líle ṣì pọ̀. Èyí tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jù ní kí ọmọ wá ohun tó bá èyí dọ́gba: bí sárésáré ti rí sí eré ìje ọ̀nà jíjìn. Ìdáhùn rẹ̀ ni atukọ̀ sí regatta, ìyẹn ìdíje ọkọ̀ wíwà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bú ìbéèrè yìí pé ọmọ olówó nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín ló ń pa mí, nítorí pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ tàbí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ìbá gbà á láìrojú. Regatta náà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọmọ tálákà àárín ìlú Chicago ni ìbá kọsẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà takú fún ìgbà pípẹ́ pé kò sí lẹ́sìnnì tó lè gbé máàkì ga. Ọmọ àlejò kan ní Brooklyn, Stanley Kaplan, kò gbà. Nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ti ń kọ́ ọmọ àdúgbò. Ní 1946 akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kó kọ́ òun fún SAT, ibẹ̀ ni òwò ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1979 àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò òwò gbé ìwádìí jáde pé lẹ́sìnnì ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́. Láàárín 1990 sí 1999 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹ̀bùn àbínibí kúrò nínú orúkọ ìdánwò náà. Lónìí SAT kò dúró fún ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹrù ti ń kúrò lórí ọ̀rọ̀ líle bọ́ sórí àyọkà. Ní 1994 wọ́n yọ ìbéèrè tó ń ní kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ tó tako òmíràn. Ní 2005 ìbéèrè irú ti regatta lọ. Ní 2016 wọ́n fòpin sí yíyọ máàkì nítorí ìdáhùn tó kùnà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ọmọ tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rí ìdáhùn rẹ̀ wà. Láti 2024 orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀: àyọkà kúkúrú, ọ̀rọ̀ 25 sí 150, ìbéèrè kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 54 lápapọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 64. Ọ̀pọ̀ yunifásítì dáwọ́ bíbéèrè rẹ̀ dúró ní 2020 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ṣùgbọ́n MIT padà sí i ní 2022, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Crisco àti ti òde òní ni mo fẹ́ kí ẹ fi han ọmọ yín. Nígbà náà, ìta ìwé ni ìdáhùn wà. Nísinsìnyí, inú àyọkà ni ẹlẹ́rìí ìdáhùn wà. Nítorí náà kí ọmọ kọ́kọ́ ka ìbéèrè kó tó ka àyọkà, bí olùkọ́ ṣe kọ́ àwa tí a ṣe WAEC. Kó ṣọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti lo but, however tàbí although, torí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkàn òǹkọ̀wé sábà máa ń wà. Kó fi ọwọ́ bo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló yá a lẹ́nu, kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Kó sọ́ra fún ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ láyé ṣùgbọ́n tí àyọkà kò sọ. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an ni èyí ń mú jù. Kò sì gbọdọ̀ fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí pé ìyà rẹ̀ ti dópin láti 2016.

Ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ Yorùbá nílé mọ́ kí máàkì ọmọ lè ga, ẹ má dá a lóhùn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ọmọ máa kà lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 20 tó, kó sì wá sọ ohun tó kà fún yín ní Yorùbá nídìí oúnjẹ alẹ́. Láti 2015 ni ìgbáradì ọ̀fẹ́ fún SAT ti wà lórí Khan Academy, College Board fúnra rẹ̀ sì gbé odindi ìdánwò àṣedánrawò sórí ètò Bluebook láìgba kọ́bọ̀. Ẹ gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìbéèrè 27, ìṣẹ́jú 32, lẹ́ẹ̀mejì.